Ìwé Ńlá Tó Le: Kí N Kà Á Tán Ni, àbí Kí N Pa Á Dé?

Ìwé àròsọ méjì tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, Moby-Dick àti Ulysses, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tójú mi ti rí. Mo ka ọ̀kan dé òpin, mo pa èkejì dé lágbedeméjì, n kò sì kábàámọ̀ lórí èyíkéyìí. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ èyí tó yẹ kí n bá dé òpin, n ó sọ fún yín pé kì í ṣe ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo dìde kúrò nídìí rẹ̀ ni. Bí mo bá ń fọ aṣọ, bí mo bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́, bí mo bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò tètè gbé mi, ṣé ìwé náà ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ àbí ó ti dákẹ́? Èmi kò mọ òṣùwọ̀n mìíràn tó tó èyí, mo sì ti dán oríṣiríṣi wò.

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, kò rọrùn láti pa ìwé ńlá dé. Ìtìjú ń bẹ níbẹ̀. Ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń yìn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí bàbá bàbá mi, kí èmi wá ní ó sú mi? Ta ni mo jẹ́? Ìgbéraga náà wà níbẹ̀, pàápàá bí àwọn ènìyàn bá ti rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹni, tónítọ̀hún sì ti fi ṣakọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó lágbára jù ni àkókò tó ti bá a lọ. A ó ní, "Mo ti ka igba ojú ìwé, ṣé kí n wá jẹ́ kó ṣòfò ni?"

Ní 1985, Hal Arkes àti Catherine Blumer tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́. Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé, irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó bá rà á yóò fi wo gbogbo eré sáà kan. Àwọn kan san owó pé, dọ́là 15. Wọ́n kàn mú àwọn mìíràn láìṣà wọ́n, wọ́n dín dọ́là 2 tàbí dọ́là 7 kù fún wọn. Eré kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ wò, gbogbo wọn ló sì ti fẹ́ san owó pé kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ní ìdajì àkọ́kọ́ sáà náà, àwọn tó san owó pé wá wòran ju àwọn tí wọ́n dín owó kù fún lọ. Owó tí kò lè padà mọ́ ló ń lé wọn jáde nílé.

Mo fara mọ́ ìwádìí yẹn, àmọ́ n kò gbà pé ó kan ìwé tó le délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá wo eré kan kò nílò rẹ̀ láti lóye eré tó tẹ̀ lé e. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti kà lójú ìwé ogún ló ń jẹ́ kí ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún dùn. Nítorí náà, kí ẹnì kan máa sọ fún mi pé kí n gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti kà, kí n máa wo iwájú nìkan, bí ẹni pé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà, ìmọ̀ràn àbọ̀ ni. Ohun tó yẹ kí n bi ara mi ni pé ṣé ohun tí mo ti kà ń ṣiṣẹ́ nínú mi, àbí ó kàn jókòó síbẹ̀ bíi gbèsè.

Moby-Dick ni ìwé tí mo kà tán. Herman Melville, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, 1851 ló sì jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti bá àwọn tó ń pa àbùùbùtán ṣiṣẹ́ lójú òkun rí, láti 1841. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọ̀gá ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ahab. Àbùùbùtán funfun kan ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ, ó wá ń kó gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ kiri agbami kó lè gbẹ̀san. Bó bá jẹ́ pé èyí nìkan ló wà níbẹ̀, ta ni ìbá máa bẹ̀rù ìwé náà? Ṣùgbọ́n orí 135 ni, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àsọkágbá, Ahab kò sì yọjú sórí ọkọ̀ títí di orí 28. Kí ìtàn tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Melville ti kó ọ̀rọ̀ tí àwọn onírúurú ìwé sọ nípa àbùùbùtán jọ síwájú ẹni, ojú ìwé lé ojú ìwé.

Orí 32 ló dá mi dúró. Ibẹ̀ ni Melville ti pa ìtàn tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àbùùbùtán ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Orúkọ tí àwọn atẹ̀wé fi ń pe ìwọ̀n ìwé ló fi pín wọn: àwọn tó tóbi jù ni Folio, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni Octavo, àwọn kéékèèké ni Duodecimo. Lábẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ó tún ní orí-orí. Ó takú pé ẹja ni àbùùbùtán ní tirẹ̀, ohunkóhun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìbáà sọ, ó sì pe wòlíì Jónà lẹ́rìí sí i. Mo ka díẹ̀, mo sùn. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo ka díẹ̀ sí i, mo tún sùn. Nígbà tó yá, mo fi bébà há ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, mo ń wò ó láti òkèèrè.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ́ràn ìwé jù mí lọ. Mo lọ ráhùn sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé yìí ti sú mi o. Ẹja ni wọ́n ń kà fún mi láti ìjẹta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwé náà ló sú ẹ ni, àbí orí kan ṣoṣo?"

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó pọ̀ o. Bó bá jẹ́ orí kan ni, fò ó kọjá. Ta ló máa mú ẹ? Bó bá jẹ́ ìwé náà ló sú ẹ, gbé e padà wá, ẹlòmíràn ń retí ẹ̀." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé ẹ̀ ni?"

N kò gbàgbé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Egungun páárì àbùùbùtán ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ kejì fún Ahab, wọ́n sì lu ihò sí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tó máa ń dúró sí, kó lè ki ẹsẹ̀ egungun náà bọ̀ ọ́ bí ọkọ̀ bá ń mì. Ní orí 30, ó jókòó, ó ń fa ìkòkò tábà rẹ̀, ó wá rí i pé kò dùn mọ́ òun lẹ́nu mọ́, kò fi ara òun balẹ̀ mọ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ju ìkòkò náà sínú òkun, tiná-tiná. Orí yẹn kúrú, kò gbà ju ojú ìwé kan lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbà tí ìwé náà wà lórí tábìlì tí n kò fọwọ́ kàn án, ìkòkò tábà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ, n ó kàn bá ara mi nídìí ìbéèrè kan: irú inú wo ló ń bí ènìyàn tí ohun tó ń tù ú lára á fi di ohun tó ń sọ nù?

Ìwé tó ń ṣe ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fo orí 32. Nígbà tí mo dé orí 36, Ahab kó gbogbo atukọ̀ jọ, ó kan owó wúrà mọ́ òpó ọkọ̀, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àbùùbùtán funfun náà fún òun ni yóò gbà á. Ara mi bù máṣọ. Lẹ́yìn èyí ni mo padà síbi tí mo fò, ẹ̀rín sì ń pa mí níbẹ̀, nítorí ó ti wá yé mi pé Melville mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fi ẹni tó fẹ́ kó gbogbo òkun sínú ìwé ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ ló sì ń bá wí. Lópin orí náà, ó sọ ọ́ kedere pé òun kò ní í parí ìtòlẹ́sẹẹsẹ òun, pé gbogbo ìwé náà kò ju àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Òǹkọ̀wé tó kọ̀ láti parí iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù pé n kò lè kà parí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orí 94, torí ó wà lára ìdí tí n kò fi gbà pé kéèyàn máa sá fún gbogbo ibi tó bá gbẹ. Òróró kan wà nínú orí àbùùbùtán tó máa ń dì bó bá tutù. Àwọn atukọ̀ jókòó yí agbada ńlá kan ká, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ fún àwọn ìṣù tó dì náà kí wọ́n lè yọ́ padà. Ishmael, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, ń fún un. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, òórùn òróró náà dùn mọ́ ọn nímú. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèèṣì fún ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ jókòó, ó rò pé òróró ni. Ó ń wò wọ́n lójú tìfẹ́tìfẹ́. Ó gbàgbé ìbúra ẹ̀san tí Ahab mú gbogbo wọn jẹ, ó ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fún ara wọn lọ́wọ́ títí ìkà yóò fi kúrò lọ́kàn wọn. Bí n kò bá tíì ka àwọn orí tó ń ṣàlàyé bí orí àbùùbùtán ṣe rí nínú, tí wọ́n ń fi okùn àti garawa fa òróró yìí jáde, agbada yẹn ì bá jẹ́ agbada lásán lójú mi. Àwọn orí tó gbẹ yẹn ló gbé e dúró. Orí 87 náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ṣèèṣì wọ àárín ọ̀wọ́ àbùùbùtán, wọ́n bojú wo ìsàlẹ̀ omi tó mọ́ kedere, wọ́n rí àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Apẹja tó wá pa wọ́n ló ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo ka ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìwé náà, ó sì mú ẹrù kan kúrò lórí mi. Ìlú London ló ti kọ́kọ́ jáde, ní October 1851, ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, The Whale sì ni orúkọ tí wọ́n fi sí i lára. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àsọkágbá kúrò nínú rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ àsọkágbá yẹn ni Ishmael ti sọ bí òun nìkan ṣe yè, bí pósí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ṣe gbé òun léfòó lórí omi. Nítorí náà, àwọn òǹkàwé London tó fi sùúrù ka ìdìpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé òpin kò bá òpin kankan níbẹ̀, àwọn alárìíwísí kan sì ń béèrè pé báwo ni òkú ṣe ń sọ ìtàn. Ìwé náà kò tà. Melville di òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní New York, ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 19, ó kú ní 1891, ọdún 1920 síwájú ni òkìkí ìwé rẹ̀ tó wá kàn. Bó bá jẹ́ pé ìwé tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ wà láyé ni gbogbo ènìyàn wá ń tẹríba fún lónìí, kí ni n ó wá máa tijú fún bí èmi pẹ̀lú bá ní ibìkan nínú rẹ̀ sú mi?

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi òfin yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Nancy Pearl, òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní kí á fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní 50 ojú ìwé. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni 50 ọdún, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100, iye tó bá kù ni kó kà. Ẹni ọgọ́rin ọdún á ka 20. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, kó wo ẹ̀yìn ìwé, kó sì dájọ́. Òfin yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì ń lò ó fún ìwé tuntun tí mo bá kàn ṣàdédé mú. Fún ìwé àtayébáyé tó le, n kò lè lò ó. Ní ojú ìwé 50 Moby-Dick, ọkọ̀ kò tíì kúrò ní èbúté, Ahab kò tíì yọjú. Ohun tí ojú ìwé 50 máa ń sọ fún mi nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju bí ẹnu ọ̀nà ṣe rí lọ.

Ẹnu ọ̀nà sì máa ń dẹ́rù bani láìnídìí. Orúkọ àwọn ará Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀kan. Nínú The Brothers Karamazov, ìwé àròsọ tí Fyodor Dostoevsky kọ, Dmitri ni Mitya, òun náà ni Mitenka. Alexei ni Alyosha. Wọ́n á sì tún máa fi orúkọ bàbá kún orúkọ ọmọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan, mo há a sẹ́yìn ìwé, wàhálà náà parí. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n túmọ̀ ni, mo máa ń wá iṣẹ́ olùtumọ̀ mìíràn, n ó ka ojú ìwé kìíní àwọn méjèèjì pọ̀. Ó yani lẹ́nu iye ìgbà tó jẹ́ pé olùtumọ̀ ló há lẹ́nu ẹni, tó jẹ́ òǹkọ̀wé la ń bú. Àwọn orí kan sì wà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fẹ́. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á sórí ẹ̀rọ, gbólóhùn tó gùn bí okùn kànga á kàn máa ṣàn lọ. Ní ti pé ó ń pẹ́ jù, mo ti jáwọ́ nínú ṣíṣàníyàn lórí ìyẹn pátápátá. Láti 1879 sí 1880 ni ìwé ìròyìn kan ń tẹ The Brothers Karamazov jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á kò lè kánjú bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́.

Ulysses ni mo pa dé. James Joyce, ọmọ Ireland, ló kọ ọ́; ọjọ́ kejì oṣù February 1922 ló jáde ní Paris, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pé ẹni 40 ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà, ọjọ́ 16 oṣù June 1904, nílùú Dublin, ìpín 18 ni wọ́n sì pín in sí. N kò sá fún un. Ìpín kẹta nira, mo là á já. Mo bá a dé ìpín kẹrìnlá, níbi tí àwọn ọkùnrin kan jókòó sílé ìwòsàn tí wọ́n ń mutí, tí obìnrin kan ń rọbí lókè. Joyce mú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà láéláé, ó ń fi àrà àwọn òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kọ ọ́ lọ ní ìran dé ìran, títí ó fi parí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mùtí ìgboro. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbóríyìn fún un látọkàn wá. Mo sì mọ̀ pé kò wù mí kí n rí i lọ́la.

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró, mo gbé e sápá kan, mo mú ìwé mìíràn, mo ń retí kó pè mí. N kò fẹ́ dájọ́ rẹ̀ nígbà tó rẹ̀ mí. Gbogbo ìwé ló burú ní aago mọ́kànlá òru. Àwọn ọ̀sẹ̀ lọ. Kò pè mí. Àbí kí n sọ pé ohun kan ṣoṣo ló pè mí, ìyẹn ológbò. Ní ìpín kẹrin, Leopold Bloom, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ń se oúnjẹ àárọ̀, ológbò rẹ̀ ń rìn yí ẹsẹ̀ tábìlì ká, ó ń ké. Joyce kò gbà kó ké bíi ti ológbò inú ìwé ọmọdé; "Mkgnao" ló kọ, nígbà tí ológbò náà sì ń bínú díẹ̀ sí i, ó fi lẹ́tà kan kún un. Bloom bẹ̀rẹ̀, ó da wàrà sínú àwo fún un, ó ń rò ó bí òun alára ṣe rí lójú ẹranko náà, bóyá gíga bí ilé gogoro. Mo máa ń rántí ibẹ̀, inú mi á sì dùn. Ṣùgbọ́n mo ti gba èyí ná. Ìpín kẹrin ni, ó ti wà lọ́wọ́ mi, n kò nílò ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún kí n tó máa jẹ ẹ́. Àwọn tó kù nínú ìtàn náà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń jẹ́ Stephen àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, dákẹ́ síbẹ̀ bí mo ṣe pa ìwé náà dé. Mo dá a padà sórí pẹpẹ, mo kọ ojú ìwé tí mo dé sínú rẹ̀.

Ó tù mí nínú nígbà tí mo kà pé Virginia Woolf, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ ìwé tó le, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní August 1922 pé òun ti ka igba ojú ìwé Ulysses, kò sì tíì tó ìdá mẹ́ta rẹ̀, pé àwọn ìpín ìbẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ òun, àmọ́ lẹ́yìn èyí ó sú òun. Ní September, ó kà á tán. Ó ṣì ń bá a jà. Kíkà tán kò yí ohun tó ti ṣe é ní igba ojú ìwé padà tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dí i lọ́wọ́ láti máa ronú nípa ìwé náà. Ẹ wá rí i pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "Ṣé o kà á tán?" àti "Kí ni ó ṣe sí ọ?", àwa la máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀.

Àwọn tó ń béèrè ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù. Wọ́n bi Samuel Johnson, ẹni tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nípa ìwé tuntun kan ní 1773. Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ya ẹni tó bi í: ṣé kò kà á tán ni? Inú bí Johnson, ó dá ìbéèrè náà padà fún un, ó ní, "Ṣé ìwọ máa ń ka ìwé tán ni?". James Boswell ló gbọ́ ọ, tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó kàwé jù nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn o.

Mo ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. War and Peace ni. Leo Tolstoy parí rẹ̀ ní 1869, orí 361 ni, èdè Faransé ló sì fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Rọ́ṣíà ló ń kọ ọ́ fún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà yín. N kò rí ìwé tó gùn tó yẹn tó rọrùn tó yẹn rí. Nígbà tí ìtàn parí, tí àwọn tó kù láàyè ti gbéyàwó tí wọ́n ti bímọ, Tolstoy wá fi orí 12 kún un. Kò sí Pierre níbẹ̀, kò sí Natasha, àwọn tí ìtàn náà dá lé. Àríyànjiyàn lásán ni, nípa ohun tó ń ti ìtàn aráyé síwájú àti bóyá ènìyàn ní òmìnira. Mo ka orí méjì nínú rẹ̀, mo ń retí kí ìyókù pè mí. Pierre ló ń pè mí lójoojúmọ́, kì í ṣe àwọn orí wọ̀nyẹn. Mo pa ìwé náà dé, mo gbé e padà fún ẹ̀gbọ́n, mo ní mo ti kà á tán.

"O ò kà á tán," ni wọ́n wí. Bébà tí mo fi sàmì ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ti parí."

"Ìwé ò parí."

Mo ní ní 1873, Tolstoy fúnra rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín ìtàn, ó tò wọ́n sẹ́yìn, ó tilẹ̀ yí èdè Faransé inú rẹ̀ sí ti Rọ́ṣíà. Bí ẹni tó ni ìwé bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí èmi kò lè ṣe é?

"Wọ́n kúkú tún dá gbogbo ẹ̀ padà sí àyè ẹ̀ nígbà tó yá," ni wọ́n fèsì, wọ́n sì na ìwé náà sí mi. Mo kọ̀, n kò gbà á. Ó ṣì wà lórí tábìlì wọn, bí mo bá sì ti wọlé báyìí, ìyẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí kí wọ́n tó dá mi lóhùn ìkíni.